Alma Kjelstad, Ẹni Tí Ijó Ọjọ́bọ̀ Kò Jẹ́ Kó Lọ Sílé

Mo ti kọ̀wé nípa Alma Kjelstad nígbà kan rí. Ìlà mẹ́rin péré ni, ó sì gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí mo ń kọ báyìí gùn jù ú lọ, mo sì ti fara balẹ̀ sí i.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Alma lò ní Orí Òkè. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń pe ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ náà, àtàwa tí wọ́n gbà síṣẹ́, àtàwọn tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Ìyàwó àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lọ́mọ oṣù márùn-ún láàárín ìgbà òtútù, ilẹ̀ sì ti dì gbagidi débi pé wọn ò lè gbẹ́ sàréè. Inú àká ọkà ni wọ́n gbé pósí kékeré náà sí títí di oṣù kẹrin. Ojoojúmọ́ ni Alma ń lọ jókòó tì í níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọkọ rẹ̀ gbé e wá, ó buwọ́ lu ìwé, kò sì padà wá mọ́. Ọdún 1931 nìyẹn.

Nígbà tí èmi débẹ̀ ní 1944, Alma ti ń jẹun, ó ti ń sọ̀rọ̀. Láàárọ̀ ó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìfọṣọ, lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ó ń tẹ dùùrù. Kò sí ohun tó ń ṣe é tí mo lè tọ́ka sí, àfi pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ àwa náà.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni a ń tan iná ní Wọ́ọ̀dù Keje. Obìnrin méjìlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wọn sì sún mọ́ra débi pé ẹni tó bá fẹ́ dìde ní láti gba ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Wọ́n á tò síbi omi, a ó kà wọ́n. Wọ́n á jẹ ọ́ọ̀tì, a ó ka ṣíbí. Lẹ́yìn náà, àwọn tó lágbára á máa ti ìtí igi wíwúwo tí a fi ògbólógbòó búláńkẹ́ẹ̀tì wé lọ sókè sódò lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí ilẹ̀ á fi máa dán bí omi. Kò sí àlejò tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọjá. Àwa náà là ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwa náà là ń nù ún.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni wọ́n gbé mi sí ẹ̀ka ìdárayá, torí pé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ sílé ọkọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìwé méjì tí mo bá nínú àpótí tábìlì ni mo kà. Bọ́ọ̀lù la ń gbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, káàdì la ń ta nígbà òtútù, aṣọ híhun wà fún àwọn tí a lè fi abẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́, ijó sì wà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, láti aago méjì ọ̀sán sí mẹ́ta ààbọ̀. Bí yìnyín bá ti bo ilẹ̀, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ là ń gbà dé gbọ̀ngàn, pẹ̀lú páìpù gbígbóná lókè orí wa. Àwọn obìnrin á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òsì, àwọn ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀tún. Ọkùnrin ló máa ń dìde lọ bẹ obìnrin. Obìnrin kì í rékọjá.

Dùùrù náà ti gbó. Ọ̀kan nínú eyín rẹ̀ kì í dìde mọ́ bí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Alma á fi àtàǹpàkò hú u sókè láìwò ó, orin ò sì ní dúró. Kì í wo ìwé orin. Kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn oníjó ló ń wò. Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Otto Piehl, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún ti bàjẹ́. Bí Otto bá dé igun gbọ̀ngàn tó fẹ́ yí, Alma á fa orin náà gùn bí ẹni fa okùn, títí Otto á fi yí tán, á sì tún dá a padà sí bó ṣe wà. Gbogbo àwọn yòókù á ti dúró de Otto láìmọ̀ pé àwọn dúró. Inú wákàtí kan ààbọ̀ yẹn nìkan ni mo máa ń gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí mi.

Lóṣù kejì ọdọọdún, à ń kọ ìwé pélébé kan nípa ẹni kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa mú lọ síwájú ìpàdé àwọn dókítà lóṣù kẹta. Ìpàdé yẹn ló ń sọ ẹni tó máa lọ sílé. Ní 1951, orúkọ Alma jáde. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí i bí èmi ṣe rí i. Mo wá kọ ọ́ pé: “Alma Kjelstad. Kì í pẹ́ dé, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń tẹ dùùrù ju ẹni tó kàwé rẹ̀ lọ. A ò lè ṣe ijó láìsí i.”

Wọn ò jẹ́ kó lọ. Mo rò pé ohun mìíràn ni wọ́n rí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ mú aṣọ tábìlì ní ilé ìfọṣọ, mo sì bá Alma níbẹ̀.

Ó ní, “Míìsì Sletten, ẹ di etí ibẹ̀ yẹn mú, ẹ bá mi ká a.”

Mo dì í mú. A ká a lẹ́ẹ̀kan, a ká a lẹ́ẹ̀kejì.

“Dókítà ka ìwé yín sí mi létí,” ó ní. “Ìlà tó gbẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á. Ó ní, ‘Ṣé o rí i, Alma, bí o ṣe wúlò níbí? Nígbà wo lo tún máa wúlò báyìí níta?’ Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó rò pé inú mi máa dùn.”

Mo ní, “Alma, mo fẹ́ fi yìn yín ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ yìn mí dáadáa. Ìyìn yín ti gba ọdún kan lọ́wọ́ mi.” Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ́ ẹ sórí èyí tó kù. “Oníbìínú làwọn tí ẹ ò kọ ohun tó dára nípa wọn. Wọ́n ti lọ sílé.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Obìnrin méjì tó máa ń fọ́ abọ́ ní wọ́ọ̀dù wa ti lọ lọ́dún yẹn. Ilé ìfọṣọ, oko ọ̀dùnkún, ibi ìdáná, ọwọ́ àwọn tí ara wọn ti yá ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni à ń dì mú. Torí oore ni igún fi pá lórí, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oore tèmi, orí ẹlòmíràn ló pá.

Alma ń tẹ dùùrù lọ lọ́dún yẹn. Dagny Aune, obìnrin kan tí kì í dákẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa, gbà á nímọ̀ràn lójú mi nídìí kọfí.

“Máa tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹkútẹ. Fi ìgbọ̀nwọ́ lù ú. Wọ́n á lé ẹ bí ajá tó jí ẹran.”

Alma ní, “Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á ní mo wúlò. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ burúkú, wọ́n á ní orí mi tún ti dàrú. Mu kọfí ẹ, Dagny.”

“Omi ni. Kò sí kọfí nínú ẹ̀. Èmi ya wèrè, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ò ya.”

Lóṣù kìn-ín-ní 1952, lẹ́tà dé fún Alma láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Borghild, tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Borghild ní ojú òun ti ń ṣú, òun ò lè dá gbé inú ilé náà mọ́. Bí Alma bá lè wá nígbà tí yìnyín bá yọ́, àwọn méjèèjì á jọ máa gbé. Bí kò bá lè wá, òun á ta ilé náà lóṣù karùn-ún, òun á lọ sílé àwọn arúgbó. Kò kọ ohun mìíràn. Kò sí ẹbí kankan mìíràn tó kù fún Alma tó lè buwọ́ lu ìwé fún un. Bí ilé yẹn bá lọ, ìlẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Alma fi lẹ́tà náà hàn mí, ó sì dúró.

Mo lọ bá Dókítà Ravndal, ọ̀gá pátápátá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Dókítà mẹ́rin ló wà fún ẹgbẹ̀jọ èèyàn, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n láti ìdí ìwé. Mo sọ fún un pé ohun tí mo kọ lọ́dún tó kọjá kò tọ̀nà.

“Ṣé irọ́ lẹ pa, Míìsì Sletten?”

“Rárá, sà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.”

“Ijó yẹn nìkan ni wọ́n ń retí. Ilé tí kò bá sí ijó Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń fọ́ fèrèsé ibẹ̀. Ta ló máa tẹ dùùrù?”

Mo ní a lè rí giramafóònù yá nínú yàrá ìjẹun àwọn nọ́ọ̀sì.

Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. “Ẹ ṣe ijó mẹ́rin láìsí i nídìí dùùrù. Mo máa wá wo ìkẹrin fúnra mi. Bí wọ́n bá jó, ẹ kọ ìwé tuntun, mo máa kà á. Bí wọn ò bá jó, ẹ má ṣe bá mi sọ ọ́ mọ́.”

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo fi Alma sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Mo gbé giramafóònù sórí tábìlì, mo fi àwo orin sí i. Orin náà dùn, ó tún mọ́ ju ti dùùrù wa lọ. Kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n gbọ́wọ́ lé itan bí ẹni tó wà ní ibùdókọ̀. Nígbà tó yá, Bàbá Otto dìde, ó rìn lọ síbi dùùrù, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó wo inú.

Ó ní, “Níbo lẹ gbé e pamọ́ sí?”

Dagny ní, “Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, Bàbá. Òun ló ń yí po lórí tábìlì yẹn.”

Otto wá wo àwo náà dáadáa, ó sì padà lọ jókòó.

Ọjọ́bọ̀ kejì, èèyàn mẹ́fà dìde. Bàbá Otto wà nínú wọn. Nígbà tó dé igun, orin kò dúró dè é. Ó sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́, ó sì fi orúnkún ṣubú. A gbé e dìde, ó jókòó, àwọn yòókù náà jókòó. Mo jẹ́ kí orin náà kọ títí tó fi tán.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Alma lọ́jọ́ kejì. Inú ilé ìfọṣọ náà ni, ooru sì mú.

“Ṣé orúnkún rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀?”

“Díẹ̀.”

Ó ká aṣọ mẹ́rin. “Ẹ mú mi lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Láìsí yín ni dókítà sọ.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an.”

Mo sọ ọ́. “Láìsí i nídìí dùùrù.”

“Ó dáa. Mi ò ní sí nídìí dùùrù.”

Ọjọ́bọ̀ kẹta, Alma tẹ̀ lé wa gba abẹ́ ilẹ̀. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dagny, ó kẹ̀yìn sí dùùrù díẹ̀. Mo gbé orin sí i. Mo rí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ń rìn lórí aṣọ rẹ̀. Ó jókòó lé wọn. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà náà ni Alma dìde, ó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá lọ sí ògiri ọ̀tún, níbi tí obìnrin kì í lọ. Olùtọ́jú kan lẹ́nu ọ̀nà gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó fi í sílẹ̀.

Alma dúró níwájú Otto. “Bàbá Otto, ẹ bá mi jó.”

“Ìwọ kì í jó.”

“Ẹ ò rí mi rí ni. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń wo ẹsẹ̀ yín. Mo mọ̀ wọ́n ju tèmi lọ.”

“Ẹ̀rọ yẹn ń sáré.”

“Ẹ jẹ́ kó máa sá. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á padà wá bá wa.”

Ó mú un dìde. Alma kò mọ ijó jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí igi, kò sì sẹ́ni tó bá a jó rí láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé igun, ó dúró. Ó jẹ́ kí orin kọjá lórí wọn, ó ń ka ìgbésẹ̀ sí Otto létí, wọ́n yí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún bọ́ sínú orin náà níbi tó bá wọn. Ní igun kejì, Otto fúnra rẹ̀ ló dúró. Ó rẹ́rìn-ín.

Dagny ní, “Ẹ wò ó! Ìyàwó tuntun! Ta ló máa bá èmi náà jó kí n má bàa gbó sórí àga?” Ó sì lọ fa ọkùnrin kan dìde ní apá. Kí àwo kejì tó tán, mo ka oníjó mẹ́rìnlélógún.

Kí a tó lọ, Alma wá síbi tábìlì. Ó tọ́ka sí irin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwo ti ń yí. “Kí lèyí ń ṣe?”

Mo ní òun ló ń mú kó yára tàbí kó falẹ̀.

“Ẹ máa wo ẹsẹ̀ wọn nígbà náà. Ẹ yé wo àwo.”

Ọjọ́bọ̀ kẹrin, Dókítà Ravndal dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ kóòtù, bí ẹni tó fẹ́ lọ. Alma jókòó síbi ògiri òsì. Àwọn kan dìde fúnra wọn, Dagny fa àwọn mìíràn. Bàbá Otto ti fi omi sí irun rẹ̀, ó ti yà á. Ó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn, ó dúró níwájú Alma, ó na ọwọ́ sí i.

Alma wo ọ̀nà níbi tí dókítà wà. Ó sì wo Otto.

“Ti òní kọ́, Bàbá Otto. Ẹ lọ bá Dagny.”

“Ṣé mo ṣe ọ́ ní nǹkan ni?”

“Rárá o.”

“O ní o mọ ẹsẹ̀ mi.”

“Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á jó láìsí èmi. Ẹ lọ.”

Ọwọ́ rẹ̀ wà ní nínà fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Dagny, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀ Dagny kò ṣàwàdà, wọ́n sì jó. Mo fi ìka sórí irin kékeré náà, mo ń wo ẹsẹ̀. Alma kò gbójú sókè títí ijó fi parí. Dókítà wò wọ́n fún àwo mẹ́ta, ó mi orí sí mi, ó lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ìwé tuntun. Ó le fún mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Alma Kjelstad. Ó ń wá síbi ijó. Ó ń jókòó. Ijó ń lọ láìsí i.” Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Lóṣù kẹta wọ́n pè é wọlé, kò sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi jáde. Wọ́n ní kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lóṣù kẹrin, mo sìn ín dé ibi bọ́ọ̀sì. Kóòtù tó wọ̀ wá ní 1931 ni wọ́n mú jáde fún un nínú yàrá ẹrù. Kòkòrò ti jẹ ọrùn kóòtù náà, ó sì tóbi jù fún un. Ẹ̀bá ọ̀nà ṣì ní yìnyín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko ti ń hàn, dúdú, ó rọ̀. Ó wò ó pẹ́. Mo mọ ohun tó ń rò nípa ilẹ̀ rírọ̀.

Mo ní, “Alma, ẹ má bínú nípa ọdún yẹn.”

“Ó ti lọ,” ó ní. “Ẹ bá mi wo orúnkún Bàbá Otto.” Ó gòkè sínú bọ́ọ̀sì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fi káàdì kan ránṣẹ́. Ó ní ojú Borghild ti ṣú tán, òun ló ń kàwé fún un. Ó ní kò sí dùùrù nínú ilé náà, òun kò sì tíì ṣàárò rẹ̀. Ó béèrè bí ijó ṣe ń lọ. Mo dá a lóhùn pé ó ń lọ. Mi ò kọ ọ́ pé oníjó ti dín kù, tàbí pé Otto kò béèrè obìnrin kankan mọ́, òun nìkan ló ń yípo, tó ń dúró ní igun kọ̀ọ̀kan kí n lè fa orin gùn fún un. Ìka mi kì í sábà yá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń dúró dè mí.

Lóṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, orúkọ Otto Piehl jáde fún ìpàdé. Kò ní ẹbí, kò sì ní ibi tó ń lọ. Síbẹ̀ mo jókòó ti ìwé náà títí kọfí mi fi tutù, mo ń ṣọ́ ohun tí mo máa kọ. Mo kọ ọ́ pé: “Otto Piehl. Ó ń jó.” Mo tún kà á, mi ò fi nǹkan kan kún un.